Iṣẹ́ àti Ìṣẹ́ nínú Àwàdà Carl Barks

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Òwe yìí tó láti fi dá àwọn tí ń fojú tín-ín-rín àwàdà lóhùn, nítorí ó fi hàn pé ẹ̀rín kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ ìgbádùn. Ìyà náà a máa bí i. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá jókòó láti díwọ̀n iṣẹ́ ọnà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń dá aláwàdà dúró sí. Bí aláwàdà náà bá sì wá jẹ́ ẹni tí ń ya àwòrán sínú ìwé ìtàn pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé ń fi owó táṣẹ́rẹ́ rà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè orúkọ rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Carl Barks, ará Amẹ́ríkà. Láti 1942 títí di 1966 ni ó fi ya ìtàn àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń hùwà bí ènìyàn. Ìtàn náà tó nǹkan bí 500, ṣùgbọ́n orúkọ Walt Disney, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ tí a ti dá pẹ́pẹ́yẹ náà, nìkan ni ó máa ń wà lára wọn. Síbẹ̀ àwọn òǹkàwé mọ ọwọ́ ẹni yìí yàtọ̀ sí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn tí ń ya pẹ́pẹ́yẹ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ojú tí ó mọ ère í ti ń mọ ọwọ́ agbẹ́gilére láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un. Nítorí pé wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ayàwòrán tí ó mọ pẹ́pẹ́yẹ yà dáadáa ni wọ́n ń pè é.

Kí ni wọ́n rí lára iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn kò rí lára ti ẹlòmíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn nìkan fi yàtọ̀ síra nínú èdè Yorùbá: iṣẹ́ àti ìṣẹ́. Àwọn ohun méjì yìí ni Barks fi ara rẹ̀ mọ̀ kí ó tó di ayàwòrán, orí wọn ni ó sì kọ́ àwàdà rẹ̀ lé. Níbi tí ó bá dúró lé ohun tí ó mọ̀ yìí, àwọn tí ó bá a dọ́gba kò pọ̀. Níbi tí ó bá kúrò lórí rẹ̀, tí ó wá ń ya àwọn ènìyàn tí kò mọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ a máa di ẹ̀sín.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ìdí iṣẹ́ náà

A bí Carl Barks ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1901, ní ẹ̀bá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Merrill ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ oko àti ẹran ọ̀sìn ni òbí rẹ̀ ń ṣe. Ilé wọn dá wà, àwọn ọmọdé tí ìbá sì bá a ṣeré kò tó nǹkan. Ní 1916 ni ìyá rẹ̀ kú. Ní àkókò náà ni ẹ̀kọ́ ilé ìwé rẹ̀ dópin pẹ̀lú, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ gíga jìnnà sí ilé wọn, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn. Ó roko, ó da ìbaaka, ó gé gẹdú nínú igbó, ó ṣe ọmọ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní San Francisco, ó sì lo ọdún mélòó kan ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Roseville ní California, níbi tí ó ti ń fi iná mú irin gbóná. Ẹ̀kọ́ ìyàwòrán tí ó rí gbà kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ó fi máa sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le ju ti ọ̀pọ̀ ayàwòrán lọ. Ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Calgary Eye-Opener. Ní 1931 ó kó lọ sí ìlú Minneapolis láti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935 ó wọ ilé iṣẹ́ Disney ní California, àárín àwọn ọmọṣẹ́ tí ń ya àwọn àwòrán kéékèèké tí ń mú kí ìrìn ẹ̀dá inú sinimá já geere ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò níbẹ̀. Ó ro àwàdà kan nípa àga onígbàjámọ̀ tí ń fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, èyí tí ó gbé Donald kọ́ sí orí kodò, tí ó ń gẹrun ní ìdí rẹ̀ bí ẹni pé orí ni, tí ó sì ń kun ojú rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ni. Àwàdà yìí wọ inú sinimá Modern Inventions ti 1937, Barks sì bọ́ sí ẹ̀ka àwọn tí ń ro ìtàn. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ sí ara wọn ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rín má baà tètè bọ́, kí ó má sì pẹ́ jù.

Ní 1942 òun àti Jack Hannah ya ìwé ìtàn alàwòrán kan tí ó jẹ́ ojú ìwé 64, Donald Duck Finds Pirate Gold. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ó fi ilé iṣẹ́ Disney sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ títutù tí ẹ̀rọ ń fẹ́ nínú ilé náà kò bá imú rẹ̀ mu, ọkàn rẹ̀ kò sì sí nínú iṣẹ́ tí ogun mú wọ ibẹ̀. Ó lọ sí San Jacinto láti lọ sin adìẹ. Níbẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé Western, tí ó gba àṣẹ láti máa tẹ ìwé àwọn ẹ̀dá Disney, ti bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́. Ìtàn kan tí ó ní ojú ìwé mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ fún un láti yà fún ìwé oṣù Kẹrin ọdún 1943. Ó tún ìtàn náà ṣe, ó sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó máa ro tirẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ni ó ń ro ìtàn, òun ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, òun ni ó ń fi pẹ́ńsùlù yà á, òun náà ni ó sì ń fi tádàwà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn 1954, Garé, ìyàwó rẹ̀, tí òun pàápàá jẹ́ ayàwòrán, a máa bá a kọ lẹ́tà, a sì máa bá a kun ibi tí ó yẹ kí ó dúdú.

Donald, ẹni tí iṣẹ́ kò gbè

Donald tí ó bá nínú sinimá kò ju oníbìínú pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ohùn rẹ̀ há, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ènìyàn, ìjà rẹ̀ ni ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Nínú ìwé Barks, Donald ń sọ̀rọ̀ geere. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ sì ti dé ẹnu rẹ̀ ni ìrònú dé ọkàn rẹ̀. Ó di onílé tí ń san owó ilé, ó ń tọ́ àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí arábìnrin rẹ̀ bí, ó sì ń wá iṣẹ́ kiri. Bí ó ti ń bínú kò yí padà, ṣùgbọ́n òǹkàwé wá mọ ohun tí ń bí i nínú.

Ẹ̀kún iṣẹ́ ni ìtàn wọ̀nyí. Nínú Lost in the Andes ti 1949, Donald ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Oyè rẹ̀ níbẹ̀ ni igbákejì kẹrin fún ẹni tí ń gbálẹ̀. Oyè gígùn yìí nìkan tó ẹ̀rín, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ irú rẹ̀: bí orúkọ iṣẹ́ bá ti ń gùn ni owó rẹ̀ ń kúrú. Nínú The Master Rainmaker ti 1953, Donald di òṣòjò tí ń fi ọkọ̀ òfúrufú ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè rọ òjò sí oko ẹnìkan láìjẹ́ kí ó kán sí ti aládùúgbò. Barks kò fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi sùúrù ṣe àlàyé rẹ̀ bí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún ọmọlúwàbí oníṣẹ́ ọwọ́. Owú ni ó ba ohun gbogbo jẹ́. Nígbà tí Donald gbọ́ pé ẹlòmíràn ni yóò mú ọ̀rẹ́bìnrin òun lọ sí ibi fàájì, ó lo ìmọ̀ rẹ̀ láti gbẹ̀san, yìnyín sì bo ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn olójú ìwé mẹ́wàá náà ti rí. Donald kì í ṣubú nítorí pé kò mọ iṣẹ́. Ìgbà tí ó bá mọ̀ ọ́n tán, tí ìyìn wọ̀ ọ́ lórí, ni ilẹ̀ máa ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nínú àlọ́ Yorùbá, Ìjàpá a máa jìyà nítorí pé ó fẹ́ jẹ níbi tí kò ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ náà a sì máa yọ̀ pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń ka ìtàn Donald kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ ni ó ń rí.

Kí ó lè fi ìyà Donald hàn dáadáa, Barks dá ìbátan kan sílẹ̀ fún un ní 1948, Gladstone, tí kò mọ̀ ju kí ó máa fi orí rere jẹun lọ. Bí ó bá ń rìn lọ, owó ni yóò ṣe kòńgẹ́. Ní 1952 Barks ya ìtàn kan tí Gladstone fi ní àṣírí tí ó tì mọ́ inú àpótí irin. Nígbà tí àpótí náà ṣí, owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá kan ni ó wà níbẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀, wọ́n san owó náà fún un, ojú sì ń tì í. Àwàdà yìí jinlẹ̀. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wárí fún olóríire, Barks fi hàn pé ohun tí ó jẹ́ ìtìjú lójú rẹ̀ ni ó jẹ́ ẹ̀yẹ àwọn yòókù.

Scrooge, ahun tí ń ṣiṣẹ́ láìjẹ

Ẹ̀dá tí Barks dá tí ó sì lókìkí jùlọ ni Scrooge, àgbà ẹbí Donald, tí ó kọ́kọ́ yọjú nínú ìtàn kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1947. Ní ìbẹ̀rẹ̀, arúgbó olówó tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni lásán ni. Ìgbà tí yóò fi di 1952, tí ó gba ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú ìtàn Only a Poor Old Man, ó ti di ènìyàn pípé. Orúkọ kan náà, ahun, ni Yorùbá fi ń pe Ìjàpá tí ó sì fi ń pe ẹni tí kò lè náwó. Bí a bá gbé àwọn ahun méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ wọn yóò hàn gbangba: Ìjàpá ń fẹ́ jẹ láìṣiṣẹ́, Scrooge sì ń ṣiṣẹ́ láìjẹ.

Àká ni ó kọ́ fún owó rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń kọ́ ọ fún àgbàdo. Éékà mẹ́ta ní gígùn, ní ìbú àti ní òró ni wọ́n ní owó náà gbà, ìwọ̀n tí onímọ̀ ìṣirò kan kò lè wọ̀n, nítorí pé éékà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ gígùn àti ìbú pọ̀. Scrooge a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú owó ẹyọ náà bí ẹja. Bí ó bá sì mú ọ̀kan nínú wọn, ó lè sọ ibi tí ó ti rí i àti ọdún tí ó rí i, bí i dọ́là tí ó gbà ní Klondike ní 1898. Nítorí náà kì í ṣe owó ni ó tò sínú àká yẹn bí kò ṣe ọjọ́ ayé rẹ̀. Òǹkàwé tí ó bá fi ojú inú wò ó yóò mọ̀ pé náwónáwó kò lè ná ohun tí ó jẹ́ òógùn rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rín àti àánú pàdé ní ojú kan.

Nínú ìtàn náà, àwọn olè fọ́ ìsédò tí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ sí, owó sì ya lọ sórí ilẹ̀ tiwọn. Scrooge bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n rí bí ó ti ń gbádùn rẹ̀, àwọn náà bẹ́ sínú rẹ̀ lórí, wọ́n sì fi orí gbá owó líle, wọ́n dákú. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ rí owó nìkan ni owó ń ṣe rọ̀ fún.

Ìtàn méjì mìíràn fi hàn bí èrò Barks nípa ọrọ̀ ti jinlẹ̀ tó. Nínú A Financial Fable ti 1951, ìjì gbé gbogbo owó Scrooge lọ, ó sì fọ́n ọn ká fún àwọn ará ìlú. Gbogbo ènìyàn di olówó lójijì, gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ wo ayé. Scrooge àti àwọn ọmọ mẹ́ta náà kò kúrò nínú oko. Nígbà tí ebi dé, ẹyin àti ẹ̀fọ́ wọn ni ó kù ní títà, owó náà sì rọra padà sí ibi tí ó ti kúrò. Nínú Tralla La ti 1954, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tọrọ owó ti dá àárẹ̀ sí Scrooge lára, ó sì sá lọ sí àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Himalaya níbi tí wọn kò ti mọ owó. Oògùn tí ó ń lò wà nínú ìgò. Ìdérí ìgò kan bọ́ sílẹ̀, àgbẹ̀ kan he é, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í du ìdérí ìgò bí ẹni ń du wúrà. Scrooge ránṣẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú wá fọ́n bílíọ̀nù kan síbẹ̀ kí ó lè di ohun yẹpẹrẹ. Ó di yẹpẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bo oko ìrẹsì wọn mọ́lẹ̀.

Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé owó tọ́ sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Èyí èkejì ń sọ pé níbi tí iṣẹ́ bá ti tó iṣẹ́, owó lè jẹ́ àrùn tí àlejò gbé wọlé. Barks kò gbìyànjú láti là wọ́n níjà. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń fi òwe méjì tí ń ta ko ara wọn sílẹ̀ kí ẹni tí ó gbọ́n lè mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ọ̀rọ̀ mu.

Bí ó ti ń ya àwòrán

Ọwọ́ Barks kò ní àṣejù. Àwòrán mẹ́jọ ni ó sábà máa ń wà ní ojú ìwé rẹ̀, méjì méjì ní ìlà mẹ́rin. Ojú òǹkàwé a máa rìn nínú rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ìgbà tí ohun ńlá bá ń ṣẹlẹ̀ nìkan, bí omi tí ń ya tàbí ìlú àtijọ́ tí ń wó lulẹ̀, ni ó máa ń ba ètò náà jẹ́ tí yóò fi fún àwòrán kan ní àyè tí ó tóbi. Nítorí pé kì í ṣe é nígbà gbogbo, a máa dun ojú wò.

Ìlà rẹ̀ mọ́, ó sì tẹ̀ bí ara ẹ̀dá alààyè. Pẹ́pẹ́yẹ kò ní ètè, kò sì ní eyín. Ojú méjì àti àgógó ni ó wà ní ìkáwọ́ ayàwòrán. Pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun èlò yìí Barks lè fi ìtìjú, àrékérekè, ìrètí àti àárẹ̀ hàn láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹ̀yìn Donald tí ó tẹ̀ nígbà tí ó ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ ohun gbogbo. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé wá. Ẹni tí ó ti rí ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ rí ni ó lè yà á.

Ohun kejì ni pé ayé tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà ń gbé le koko. Òkúta wọn wúwo, omi wọn tutù, ilé wọn ní òpó tí ó gbé e ró. Nínú The Seven Cities of Cibola ti 1954, nígbà tí ère òkúta iyebíye kúrò ní àyè rẹ̀ tí òkúta róbótó ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀, ẹ̀rù ba òǹkàwé gan-an. Bí ewu kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rín tí ó tẹ̀lé e kò lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ aláwàdà ni kò mọ èyí, tí wọ́n ń fi ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ gun orí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ibi tí àléébù rẹ̀ wà

Kò yẹ kí ìyìn di ojú olùṣelámèyítọ́. Barks kò rìn jìnnà. Ìwé ìròyìn National Geographic ni ó máa ń ṣí nígbà tí ó bá fẹ́ ya Peru tàbí Éṣíà tàbí Áfíríkà. Ó di 1994, nígbà tí ó ti pé ọdún 93, kí ó tó lọ wo Yúróòpù. Òkè àti ilé tí ó yà láti inú ìwé náà péye. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè kọ́ni ní ìwà ènìyàn, àwọn àgbà sì ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ibi tí èyí ti hàn jùlọ ni ìtàn Voodoo Hoodoo ti 1949. Òkú tí ń rìn kan ti Áfíríkà wọ ìlú àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ó wá Scrooge wá, ṣùgbọ́n ó ṣi Donald mú, ó sì fi oògùn tí ń múni kéré sí i gún un. Donald ní láti lọ sí Áfíríkà láti bẹ ẹni tí ó rán an. Níbi tí ìtàn yìí ti le ni pé Scrooge fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́: ní ìgbà èwe rẹ̀, ó fẹ́ ilẹ̀ àwọn ènìyàn náà, wọn kò tà á fún un, ó sì háyà àwọn jàǹdùkú láti lé wọn kúrò níbẹ̀. Ní 1949, nígbà tí ìjọba òkèèrè ṣì gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, kì í ṣe ohun kékeré láti tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀ wo bí ó ti ya àwọn tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ètè wọn wú, ojú wọn yọ síta, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò tò. Ìwà tí Donald àti Scrooge ní kò sí lára ọ̀kankan nínú wọn. Vodun tí àkọlé náà dárúkọ jẹ́ orúkọ tí àwọn Fọ̀n àti Ewé, aládùúgbò Yorùbá ní Benin àti Togo, fi ń pe àwọn òrìṣà wọn. Gu wọn ni Ògún, Lẹ́gbà wọn kò sì jìnnà sí Èṣù. Àwọn ẹrú ni ó gbé e dé Haiti, ibẹ̀ sì ni ìtàn òkú tí ń rìn ti wá. Sinimá Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1930 sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ́pọ̀ ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀, Barks sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ojú inú rẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò rí ẹni tí a ṣẹ̀. Nínú àwọn ìtẹ̀jáde kan lẹ́yìn náà, wọ́n tún àwọn ojú wọ̀nyí yà. Àtúnyà náà gbọn ìtìjú díẹ̀ nù, ṣùgbọ́n kò lè fi ìwà sí ibi tí a kò fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1971 Ariel Dorfman àti Armand Mattelart tẹ ìwé kan jáde ní Chile, Para leer al Pato Donald, láti fi hàn pé àwọn ìtàn pẹ́pẹ́yẹ Disney ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń rẹ́ jẹ láti fara mọ́ ìrẹ́jẹ náà, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ kò sí nínú ayé àwọn pẹ́pẹ́yẹ yìí. Lórí bí a ti ń ya àwọn ará òkèèrè bí ọmọdé tí kò mọ iyì ohun ìní rẹ̀, òdodo pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, Barks kò sì lè yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lórí ọ̀ràn iṣẹ́, ìtàn Barks já wọn nírọ́. Igbákejì kẹrin fún ẹni tí ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, òṣòjò wà níbẹ̀, owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá tí Gladstone ń tijú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣòro Barks ni pé òṣìṣẹ́ ilé rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Àgbẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àgbẹ̀ Oregon ní ti òógùn ojú. Bí Barks bá mọ èyí, ìtàn náà ìbá wà lára èyí tí ó dára jùlọ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ jáde

Ní 1960 ni àwọn òǹkàwé kan tó rí i pé orúkọ ẹni tí wọ́n ti ń wá ni Carl Barks, wọ́n sì kọ̀wé sí i. Láti ìgbà náà ni ìwádìí lórí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1966. Ní 1971 ó gba àṣẹ láti máa fi ọ̀dà olóróró ya àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà fún títà, nítorí pé àwọn ẹ̀dá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kì í ṣe tirẹ̀ ní òfin. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ní Grants Pass ní Oregon, ó jẹ́ ẹni ọdún 99.

Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ nípa èdè ṣàkíyèsí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì. Láti 1951 ni obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Erika Fuchs, ti ń túmọ̀ àwọn ìtàn wọ̀nyí sí èdè Jámánì. Kò túmọ̀ wọn bí ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní irú èdè tirẹ̀, ó fi ẹnà àwọn akéwì àtijọ́ sí Donald lẹ́nu, ó sì gé ọ̀rọ̀-ìṣe èdè wọn kúrú kí ó lè dún bí ìró ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Yorùbá kò ní láti gé ọ̀rọ̀ kankan kí ó tó rí irú èyí. Gbì, wàà, pàù àti gbàgà ti wà nínú èdè náà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, wọ́n ń dúró de ayàwòrán tí yóò lò wọ́n. Iṣẹ́ Fuchs fi hàn pé àwàdà tí ó bá dúró lórí ìwà ènìyàn a máa là òkun kọjá. Èyí tí ó bá dúró lórí ẹ̀sín kì í là á, nítorí àwọn tí a fi ṣe ẹ̀sín wà ní etí òkun kejì.

Bí a bá wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, Carl Barks tó ẹni tí à ń pè ní òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní kíkún. Ó mú ẹ̀dá tí ẹlòmíràn dá fún ariwo, ó sọ ọ́ di ènìyàn. Ó mú ahun, ó fi òógùn rẹ̀ hàn. Ó ṣe é nínú ìwé tí kò níye lórí, láìsí orúkọ, láìsí ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣe, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ òun dẹ̀ nítorí ìyẹn. Àléébù rẹ̀ pàápàá kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ fi ènìyàn ṣe àwàdà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹrù tí ẹni náà ń rù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bákan náà ni ti ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.